Ẹjọ́ Tí Dafidi Gbé Lé Ọlọ́run Lọ́wọ́

Bíbélì kíkà: 1 Samuẹli 25:2–39, Romu 12:17–21

Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí ibi tí ìtàn yìí wà nínú Ìwé Mímọ́. Ní orí 24, Dafidi bá Saulu nínú ihò àpáta, kò sì pa á, bí ọba náà tilẹ̀ ń wá ẹ̀mí rẹ̀ kiri. Ní orí 26, ó tún dá a sí. Ṣùgbọ́n ní orí 25, ọkùnrin kan náà yìí sán idà mọ́ ìdí nítorí oúnjẹ àti èébú. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí fún wa. A lè gba ọ̀ràn ńlá mọ́ra, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu aládùúgbò sì mú wa gbàgbé pé Kristẹni ni wá.

Nabali ará Maoni ní 3,000 àgùntàn àti 1,000 ewúrẹ́. Àwọn ènìyàn Dafidi ti dáàbò bo àwọn darandaran rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí ó ń rẹ́ irun àgùntàn ní Karmeli, Dafidi rán ọ̀dọ́mọkùnrin 10 sí i láti tọrọ ohun tí ó bá wà lọ́wọ́. Nabali fi Dafidi wé ẹrú tí ó sá lọ́dọ̀ olúwa rẹ̀. Kí a sọ òtítọ́, ó yẹ kí Dafidi bínú. Paulu náà kò sọ fún àwọn ará Romu pé ibi tí a ṣe sí wọn kì í ṣe ibi.

Níbo wá ni àṣìṣe wà? Dafidi kó 400 ọkùnrin lẹ́yìn, ó sì búra pé òun kò ní dá ọkùnrin kan sí nínú ilé Nabali títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nabali nìkan ni ó bú u. Kí ni àwọn darandaran ṣe? Ìránṣẹ́ tí ó lọ sọ fún Abigaili, tí ó jẹ́rìí sí oore Dafidi, òun náà ì bá bá a lọ. Ẹ̀san kì í mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Ìjà ààlà oko láàárín bàbá méjì a di ìjà àwọn ọmọ tí kò tilẹ̀ mọ ibi tí ààlà náà wà.

Abigaili kò jiyàn pé ọkọ òun jàre. Ó di oúnjẹ ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó pàdé Dafidi lọ́nà, ó sì rán an létí pé ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò jọba, kò sì yẹ kí ẹ̀jẹ̀ tí a ta láìnídìí máa dà á lọ́kàn láàmú lọ́jọ́ náà. Dafidi gbọ́. Ó yí padà lójú 400 ènìyàn tí ó ti búra létí wọn! Èyí le ju ogun lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ pé ó yẹ kí a jáwọ́, ṣùgbọ́n a ń bẹ̀rù kí àwọn ẹbí má bàa pè wá ní ojo.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 lẹ́yìn náà, Nabali kú. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Dafidi dúpẹ́ pé Ọlọ́run gbèjà òun, ó sì dúpẹ́ pé Ó dá òun dúró kúrò nínú ibi. Àwọn kan a máa mú ìdajì àkọ́kọ́ nìkan, wọn a sì máa fi í gbàdúrà kí ọ̀tá wọn kú. Ẹni tí ó gbé ẹjọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, tí ó sì ń yọjú lójú fèrèsé láràárọ̀ bóyá ọ̀tá ti ṣubú, kò tí ì fi ẹjọ́ náà sílẹ̀. Romu 12:20 fún un ní iṣẹ́ mìíràn: kí ó gbé oúnjẹ àti omi lọ fún ọ̀tá náà.

Ǹjẹ́ Kristẹni lè fi ènìyàn sùn? Romu 13 fi hàn pé Ọlọ́run fi ìjọba sípò láti jẹ oníṣẹ́ibi níyà. A lè fi olè tí ó fọ́lé lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìdẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà láàárín àwọn ará, Matteu 18:15 ni kí a kọ́kọ́ tẹ̀lé. Bí ẹnì kejì bá kọ àlàáfíà, ìpín tiwa nìkan ni Romu 12:18 béèrè.

Fún ìjíròrò: Arákùnrin kan yá ẹnì kan nínú ìjọ lówó ọjà. Ọdún méjì ti kọjá, onígbèsè kò san án, ó sì tún ń bú u kiri. Kí ni arákùnrin yìí lè ṣe tí kì í ṣe ẹ̀san, tí kì í sì í ṣe pé kó díbọ́n pé kò sí gbèsè? Ta ni ó lè ṣe iṣẹ́ Abigaili láàárín wọn?