Ta Ni Ká Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Lọ́dún 2023, Central, ilé oúnjẹ olówó ńlá kan ní Lima, olú-ìlú Peru, gba ipò kìíní lágbàáyé nínú àkójọ World's 50 Best Restaurants. Virgilio Martínez àti ìyàwó rẹ̀, Pía León, ló ń darí ibẹ̀ nígbà náà. Bí ilẹ̀ Peru ṣe ga sí ni wọ́n fi ń to oúnjẹ: àwo kan láti inú òkun, òmíràn láti orí òkè Andes. Tá a bá jẹun tán níbẹ̀, ta ló yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ wo pòtétò. Àwọn àgbẹ̀ Andes ló ti ń ṣa irúgbìn rẹ̀ pamọ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n á tẹ́ ẹ sí òtútù òru, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi gbẹ bí ègé èlùbọ́. Chuño nìyẹn. Ó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láì bàjẹ́.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣebí wọ́n ti gbowó ọjà wọn?" Wọ́n gbowó pòtétò, ta ló san ti ọgbọ́n? Nínú iṣẹ́ kóòdù tí mò ń ṣe, bí kóòdù bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ìwé àṣẹ bíi MIT ò gbà kó o yọ orúkọ ẹni tó ni ín kúrò. Ti irúgbìn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sẹ́nì kan ṣoṣo tó dá a. Ìlú ló ni ín. Ẹ jẹ́ ká dárúkọ ìlú nígbà náà. Orúkọ ò yó ni, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tá ò dárúkọ, báwo la ṣe máa rántí yọ ìpín tirẹ̀ sílẹ̀?