Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń mú kọ̀ǹpútà sáré ju bí wọ́n ṣe tà á lọ, eku nìkan ni wọ́n ń wò. Wọn a ra prósẹ́sọ̀ olówó pọ́ọ́kú, wọn a gbọ́ pé agbára ṣì kù nínú rẹ̀, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní kẹ́sẹ́. Irú ìtẹ́ tó sùn sí, wọn kì í bèèrè. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni ìtẹ́ náà, ó sì ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ugborikoko ni mo ń gbé, lápá Effurun tó so mọ́ Warri níbí. Fídíò ni mò ń tò fún àwọn ènìyàn, ti ìsìnkú ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Warri mọ̀ pé ìsìnkú àgbàlagbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ wákàtí kan. Àìsùn wà níbẹ̀, ìsìn wà níbẹ̀, ijó àwọn àna wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kámẹ́rà mẹ́ta ló ya gbogbo rẹ̀. Èmi ni yóò pa á pọ̀ di ẹyọ kan. Bí iná bá wà, iṣẹ́ ń lọ. Bí wọ́n bá mú un lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ra ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ eré kọ̀ǹpútà kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú mi. Ìṣẹ́jú 20 tí mo bá gé kúrò lára wákàtí 2, owó ni.

Ryzen 3 1200 tí AMD gbé jáde ní 2017 ni prósẹ́sọ̀ mi. Kọ́ọ̀ mẹ́rin ló ní. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń ṣiṣẹ́, 3.1 GHz ni eré tí wọ́n kọ fún un, 65 watt sì ni ìwọ̀n agbára tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Wọn kò tì í pa. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbé e sókè, bí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá ti gbà. B350 ni tèmi, tòkunbọ̀ ni, ó sì gbà.

Kí ló dé tí ohun tí wọ́n tà ní 3.1 fi lè dé 3.7 tí tèmi ń sá báyìí? Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe é ni kí gbogbo èyí tí wọ́n kó sí páálí kan náà lè sá eré tí wọ́n kọ sí i lára. Ibi tí ọwọ́ èyí tó lẹ jù lè tó ni wọ́n ń fàlà sí, àwọn tó le a sì máa gbé àjẹkù agbára kiri. Ní 1998, Intel ta Celeron 300A ní 300 MHz. Àwọn ènìyàn yí ọ̀nà tó ń gbé dátà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti 66 sí 100, ó sì bọ́ sí 450 láìjanpata. Ìdajì eré rẹ̀ ni wọ́n rí lé e yẹn, láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ìka ò dọ́gba: prósẹ́sọ̀ méjì tó ní orúkọ kan náà, ọ̀kan lè dé 3.9, kí èkejì kọ̀ ní 3.6.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbé tèmi sí 3.9, mo sì fún un ní 1.45 fóòltì. Ó tan. Inú mi dùn, mo gbé iṣẹ́ lé e. Kò tó ìṣẹ́jú 15 tí nọ́ńbà eré rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ó já kọjá 3.1 tó ti wà tẹ́lẹ̀, ó tún ń já lọ. Ooru prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì tíì burú. Mo ṣí àpótí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ prósẹ́sọ̀ ni àwọn nǹkan dúdú kékeré kan tò sí, onígun mẹ́rin, wọn ò bò wọ́n ní irin kankan. Mo fi ìka kan ọ̀kan. N kò tíì ka ení tán tí mo fi fa ọwọ́ yọ, ìka náà sì ta mí fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Àwọn dúdú yẹn ló ń gba iná 12 fóòltì, tí wọ́n ń sọ ọ́ di fóòltì kan àti díẹ̀ tí prósẹ́sọ̀ ń mu. Ara ohun tí wọ́n ń pè ní VRM ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí eré bá pọ̀, iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ á pọ̀ níwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fóòltì bá pọ̀, ìlọ́po rẹ̀ tí a tún fi lọ́po ara rẹ̀ ni iná fi ń pọ̀. Ká ní 1.2 ló ń mu tẹ́lẹ̀, tí mo wá gbé e sí 1.45, tí mo sì fi eré lé e láti 3.1 dé 3.9, 65 watt yẹn á sún mọ́ 120. Amps tó ń gba inú àwọn dúdú kọjá á kúrò ní nǹkan bí 54, á di nǹkan bí 82. Bọ́ọ̀dù olówó ńlá á pín ẹrù náà fún púpọ̀, á sì fi irin bò wọ́n. Lórí tèmi, ènìyàn mẹ́rin ló ń ru ohun tó yẹ kí mẹ́jọ rù, nínú oòrùn, láìní òṣùká. Agbára òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Èmi ni onílé, èmi ni mo sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀dù ni mo kọ́kọ́ ń tọ́jú. Mo ra irin aluminíọ́mù kéékèèké tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ àwọn dúdú náà. Fáànù tó bá prósẹ́sọ̀ wá nínú páálí, n kò pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí, VRM sì ń rí díẹ̀ gbà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ra fáànù gogoro tó ń fẹ́ ẹ̀gbẹ́. Prósẹ́sọ̀ á tutù, bọ́ọ̀dù á máa jóná lábẹ́ rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, mo sì kọ ooru rẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, 100 MHz ni mo ń fi lé e lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé Prime95, ètò tó ń fún prósẹ́sọ̀ ní ìṣirò líle ṣe láìdúró, lé e fún ìdajì wákàtí, mo wo ooru, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá kú lójijì tàbí tó ṣi ìṣirò ṣe, mo bu fóòltì bíńtín sí i. 1.35 ni mo fi ṣe òpin. AMD fúnra wọn sọ pé bó bá ti ń lọ sí 1.45, ó lè gé ẹ̀mí prósẹ́sọ̀ kúrú. Ọ̀sán gangan ni mo ń dán an wò, nígbà tí yàrá bá gbóná tó 32°C. Ohun tó yege lóru ọyẹ́ kò tíì yege. Nígbà tó dé 3.8 tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè fóòltì púpọ̀, mo padà sí 3.7, mo sì jẹ́ kó sáré bẹ́ẹ̀ mọ́jú.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Sitabiláísà nìkan kò tó, UPS tó ní bátìrì nínú ni kí ó wà níwájú kọ̀ǹpútà. Bí iná bá ń ṣe ségesège, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà, di tuntun. Bí iná bá lọ láàárín, bọ́ọ̀dù lè má jí mọ́. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà tí a yí ló mú un kọ̀ láti tan, ìyẹn rọrùn: ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì CR2032 tó rí bí owó ẹyọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á gbàgbé gbogbo rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ládùúgbò gbé tirẹ̀ wá. Ọmọ Itsekiri ni, èdè rẹ̀ àti Yorùbá tèmi sì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ara wa díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dé 4. Wọ́n ní ti àwọn ará Amẹ́ríkà dé 4.”

Mo wo bọ́ọ̀dù rẹ̀. A320 ni, AMD kò sì ṣí ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún un.

“Àbúrò mi, ìtẹ́ yìí ò gbà á. Jókòó, ká wo ohun tó gbà.”

A gbọn eruku jáde, a nu pééstì tó ti gbẹ lórí prósẹ́sọ̀, a fi tuntun sí i. RAM ẹyọ kan ló ní. Ó lọ ra ìkejì rẹ̀, kí méjèèjì lè jọ máa gbé dátà. Ó mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò rọ̀ ní Ugborikoko láti àárọ̀. Aago 4 ni wọ́n tó mú iná wá, mo sì gbé fídíò ìsìnkú kan lé kọ̀ǹpútà mi, irú èyí tó máa ń gba wákàtí 2 tẹ́lẹ̀. Ó parí ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 41. Nígbà tó kù díẹ̀, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo gbé ìka lé irin kékeré tí mo lẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn dúdú náà. Ó gbóná. Mo ka ení, mo ka èjì, mo kà á dé ogún, ìka mi ṣì wà níbẹ̀.