Ǹjẹ́ Ìfẹ́ Ni Kí Á Bá Ọmọ Tò Ó Tán?

Ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Bí ohun kan bá ń nira fún ọmọ kékeré, ǹjẹ́ ìfẹ́ ni kí á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí á bá a ṣe é tán? Ohun ìṣeré kan ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí ni àwòrán tí a gé sí ègé-ègé kí ọmọ lè tò ó padà.

Kò ní ìnáwó nínú. Kí á mú àwòrán ewúrẹ́ tàbí ọkọ̀ láti ara kàlẹ́ńdà àtijọ́, kí á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí á fi ìwé tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́jú. Lẹ́yìn náà, kí á gé e. Ègé 4 tó fún ọmọ ọdún 3. Ti ọmọ ọdún 5 lè tó 9 tàbí 12. Kí èyíkéyìí má ṣe kéré débi tí ọmọ lè gbé e mì. Kí á fi àmì kan náà sí ẹ̀yìn gbogbo ègé àwòrán kan, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ òmíràn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú nǹkan báyìí ti wà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láàrin ọdún 1760 sí 1769, John Spilsbury lẹ máàpù mọ́ pátákó, ó sì gé e ní ààlà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ lè fi kọ́ nípa ayé.

Iṣẹ́ tó le ni kí á dákẹ́ nígbà tí ọmọ bá ń tò ó. Ó mú orí ewúrẹ́, ó fi síbi ìrù, kò wọ̀. Ó yí i padà, kò wọ̀. Ọwọ́ ń yún wa. Ìyá kan lè sọ pé ìkà ni kí á máa wo ọmọ níran. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí ọmọ tí a fi sílẹ̀ títí ó fi sunkún yóò rò pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ òun. Òmíràn á ní ọbẹ̀ wà lórí iná, kò sí àyè.

Ṣùgbọ́n bí a bá bá a tò ó, àwòrán pé, ọmọ kò rí nǹkan kọ́. Ó sì ti gbọ́ ohun tí a kò fi ẹnu sọ: “Ìwọ kò lè ṣe é.” Ní ọdún tí a fi kọ́ni, a rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ìṣirò bá le, ojú olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, wọn kì í wo ìwé.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ èyí. Ẹni tó bá pa àlọ́ àpamọ̀ tó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àlọ́ wo ló pa? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ nìkan ló lè ṣe é.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fi ìbéèrè ràn án lọ́wọ́: “Níbo ni ìwo ewúrẹ́ máa ń wà?” Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí á kó o pamọ́ di ọ̀la. Ègé tí kò wọ̀ kì í bú ọmọ, kì í sì í kánjú. Ó ń dúró ni títí ọmọ yóò fi gbé òmíràn wò. Bí páálí bá lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ti àwa tí a bí ọmọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.