Ìwọ̀ àti Májèlé

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa tí ń kọ́ni àti àwọn tí a ń kọ́ jọ gbé yẹ̀ wò: bí èrè bá jẹ́ ọ̀kan náà, ǹjẹ́ ọ̀nà tí a gbà rí i já mọ́ nǹkan bí? Ẹni tí ó fi ìwọ̀ pẹja àti ẹni tí ó fi májèlé pa á, ẹja ni àwọn méjèèjì gbé wálé. Ọbẹ̀ kì í sì í bèèrè bí a ti ṣe pa ohun tí a fi sè é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìwọ̀. Ní odò Ọbà, tí ń ṣàn ní ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó tó lọ dà sínú Ọ̀ṣun, apẹja a fi ekòló bo ẹnu irin, a sọ ọ́ sómi, a sì dúró. Ẹja rí ekòló, kò rí irin. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ní ilẹ̀ òkèèrè, ọgbọ́n yìí tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní trout, omi tútù tí ń sáré lórí àpáta ni ó ń gbé. Odò tiwa móoru jù fún un, ṣùgbọ́n ní 1905 Ewart Grogan mú un láti Skọ́tíláńdì lọ sí odò orí òkè ní Kẹ́ńyà, ó sì ti bí sí i níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń wá ẹja yìí a máa wọ ọkọ̀ rọ́bà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, omi a máa hó yí wọn ká, a sì máa gbé wọn sọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọn a fi ìyẹ́ àti òwú dá eṣinṣin sára ìwọ̀, wọn a jù ú sójú omi bí ẹni pé eṣinṣin tòótọ́ ni ó bà síbẹ̀.

Nígbà náà ni ẹnìkan yóò wí pé, “Ẹ̀tàn kọ́ yìí? Bí ẹ bá gba ìwọ̀ láàyè, ẹ kò lè bá ẹni tí ń da májèlé sódò wí.” Ọ̀rọ̀ náà le, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìdáhùn wa ni pé ibi tí irọ́ ti ń burú ni pé ó ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé tí ènìyàn ní nínú wa jẹ́. Ẹja kò bá apẹja dá májẹ̀mú kankan, bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn igbó kì í ṣe òpùrọ́. Nítorí náà, kì í ṣe inú ẹ̀tàn ni ìyàtọ̀ náà wà. Inú ohun tí ó ṣẹ́kù sódò lẹ́yìn tí apẹja bá ti lọ ni ó wà.

Ìwọ̀ a máa mú ẹja kan lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó bá sì kéré, a lè dá a padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń pa trout a máa dá èyí tí ó tóbi pàápàá padà. Àwa náà mọ irú ìkóra-ẹni-níjàánu bẹ́ẹ̀. Ní Argungu, níbi tí a ti ń ṣe ọdún ẹja láti 1934, wọn a máa ti odò Mata Fada mọ́ apẹja títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé; nígbà náà ni àwọn ọkùnrin yóò fò sómi, ti àwọn ti àwọ̀n ọwọ́ àti akèǹgbè ńlá tí ń mú wọn léfòó.

Májèlé kò mọ ọjọ́, kò sì mọ ọmọ yàtọ̀ sí ìyá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò bá fà, tí omi kù sínú kòtò láàárín àpáta, ẹlòmíràn a da Gammalin 20 sí i, oògùn tí a ṣe fún kòkòrò ara igi kòkó. Àrọ̀ ńlá, epìyà kékeré, àti ọmọ ẹja wẹ́wẹ́, gbogbo wọn a yí ikùn sókè. Ẹni tí ń pọnmi ní ìsàlẹ̀ odò kò mọ̀. Nítorí èyí ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1992 lórí ẹja inú odò fi ka májèlé léèwọ̀.

“Ṣùgbọ́n ebi ń pa àwọn ọmọ mi,” ni baba kan yóò wí. “Ìwọ̀ yóò fún mi ní ẹja méjì títí alẹ́, májèlé yóò fún mi ní agbọ̀n kan kí oòrùn tó mú.” Baba yìí kì í ṣe ènìyàn búburú, kò sì yẹ kí a fi í ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò náà bímọ. Àwọn ọmọ tirẹ̀ pàápàá yóò tún jẹun lẹ́ẹ̀rùn tí ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹja ẹ̀ẹ̀rùn náà ni ó kó sínú agbọ̀n lónìí. Bí a bá mọ̀ pé ebi ni ó lé e débẹ̀, ojúṣe wa ni kí a bù fún un nínú tiwa kí a tó bá a wí. Ìbáwí tí kò ní oúnjẹ lọ́wọ́ kò lè dá a dúró.

Símónì Pétérù ṣe làálàá ní gbogbo òru láìrí ẹja kan mú. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọ̀n rẹ̀ ni ó ń fọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo ìyẹn dáadáa. Ọ̀nà tí a gbà rí nǹkan já mọ́ nǹkan, nítorí a kò nìkan ni odò. Ṣáájú kí ọwọ́ wa tó kan èrè kan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí yóò kù fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa.