Ẹni Òkè àti Ẹni Ìsàlẹ̀: Ta Ni Aládùúgbò Wa Nínú Omi?



Ní òpin ẹ̀kọ́ kan tí a ṣe lórí Òfin Mẹ́wàá, baba àgbẹ̀ kan nawọ́ sókè, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí mo gbé lọ sílé. Ó ní: “Olùkọ́, ẹ fún mi láyè. Oko mi wà ní òkè, owó ara mi ni mo fi rà á. Mo ń fọ́n oògùn tí ń pa koríko sí i, mo sì ń da ajílẹ̀ sí i kí àgbàdo mi lè ṣe dáadáa. Wọ́n wá ń sọ pé fọráàjì kan wà ní ìsàlẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi mu. N kò mọ̀ wọ́n, n kò sì gbèrò ibi sí wọn. Bí omi tí ó ti oko mi sọ̀kalẹ̀ bá ṣe ọ̀kan nínú wọn ní jàǹbá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀wọ̀ gba ìbéèrè baba yìí, nítorí ìbéèrè méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkínní ni pé: ta ni aládùúgbò mi? Èkejì ni pé: ǹjẹ́ àìmọ̀ mi lè mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn mi? Amòfin kan ti bi Olúwa wa ní èkínní rí, ìtàn ará Samáríà sì ni ó fi dá a lóhùn, kí ó lè yé e pé aládùúgbò kì í ṣe ẹni tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa nìkan. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn omi, a kò lè mọ aládùúgbò wa bí a kò bá mọ ọ̀nà tí omi ń gbà.

Bí omi ṣe ń rìn

Ẹ wo òrùlé páànù nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Òjò tí ó bọ́ sí ọ̀tún ń ṣàn sí ọ̀tún, èyí tí ó bọ́ sí òsì ń ṣàn sí òsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ rí. Àwa ará Pobè àti Sakété ń gbé lórí ilẹ̀ gíga tí erùpẹ̀ rẹ̀ pupa. Àfonífojì odò Ouémé wà ní ìwọ̀-oòrùn wa. Odò Yewa wà ní ìlà-oòrùn, ní ìhà Nàìjíríà. Nínú òjò tí ń rọ̀ sí wa lórí, apá kan ń lọ sí ìhà Ouémé, apá kan ń lọ sí ìhà Yewa láìdúró níwájú dùwánì, apá kan sì ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Gbogbo ilẹ̀ tí òjò orí rẹ̀ ń parí sínú odò kan tàbí kànga kan, òun ni ilẹ̀ tí ń kó omi jọ fún odò tàbí kànga náà. Bí a bá fa ìlà yí ilẹ̀ yìí ká lórí ìwé, a ti ya àwòrán ilẹ̀ omi wa nìyẹn.

Omi abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ń rìn, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, kì í sì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀lé bí ojú ilẹ̀ ṣe dagun. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ó kéré tán kànga mẹ́ta. Wọ́n á wọn bí ojú ilẹ̀ ṣe ga tó ní ibi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ okùn ìwọ̀n sínú kànga láti mọ ibi tí omi dúró sí, wọ́n á sì fi wọ́n wé ara wọn. Láti ibi tí omi ti ga ni ó ti ń lọ sí ibi tí ó ti rẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń mọ̀ bóyá ṣáláńgá tàbí oko kan wà lójú ọ̀nà tí omi ń gbà dé fọráàjì.

Kí ni omi lè kó dání lójú ọ̀nà yẹn? Ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ ni: ìgbẹ́ inú ṣáláńgá, ajílẹ̀, oògùn oko, omi ìdọ̀tí tí ń ti ẹbu epo pupa jáde, ọ́ìlì tí àwọn mẹkáníìkì dà nù, àti epo kpayo tí ń kán sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò àìsàn a máa kú bí wọ́n bá pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Jámánì fi ń fa ìlà ààbò kan yí kànga ìlú ká, níbi tí omi yóò rìn fún 50 ọjọ́ kí ó tó dé inú kànga. Ṣùgbọ́n nítíráàtì tí ń wá láti inú ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí tí yóò kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ó má ṣe ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi mímu kan, nítorí bí ó bá pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ lè gbé atẹ́gùn bí ó ti yẹ.

Ta ni ó jẹ̀bi ní Walkerton?

Ẹ jẹ́ kí á wo ibì kan tí irú ìbéèrè baba wa ti di ọ̀ràn ikú àti ìyè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ní Walkerton, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà. Òjò náà gbá kòkòrò àrùn láti inú ìgbẹ́ màlúù ní oko kan tí ó wà nítòsí, ó sì gbé e wọ inú ọ̀kan nínú àwọn kànga ìlú. Ènìyàn 7 kú, àwọn tí ó ṣàìsàn lé ní 2,300, nínú ìlú tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 5,000.

Àwọn àgbà wa ní ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka ta ni ó ṣẹ̀ níhìn-ín? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò yára nawọ́ sí àgbẹ̀ tí ó ni màlúù. Ṣùgbọ́n Adájọ́ Dennis O'Connor, ẹni tí ìjọba yàn láti wádìí ọ̀ràn náà, kò dá a lẹ́bi, nítorí ó ti tọ́jú ìgbẹ́ màlúù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ dáadáa. Àwọn tí ń bójú tó omi ni ẹ̀bi wà lọ́rùn wọn. Ó yẹ kí wọ́n máa wọn oògùn apakòkòrò inú omi lójoojúmọ́; wọn kò ṣe é, irọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé. Nígbà tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé omi ti bàjẹ́, wọ́n fi í pamọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò bọ́ nínú ẹ̀bi, nítorí ó ti dín iye àwọn tí ń ṣe àbójútó kù. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 2006, Ontario ṣe òfin tí ó ní kí a ya àwòrán ilẹ̀ tí ń kó omi jọ fún àwọn kànga àti odò tí ìlú ń mu, kí a sì tọ́ka sí ohun tí ó lè ba omi jẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Ìjọ lórí ẹ̀rí-ọkàn ràn wá lọ́wọ́ láti lóye ìdájọ́ yìí. Oríṣi àìmọ̀ méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni èyí tí ènìyàn kò lè borí: ó ti sa gbogbo ipá rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí ì bá fi mọ̀. Irú èyí kì í sọni di ẹlẹ́ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí ó ṣẹlẹ̀ ṣì jẹ́ ibi, tí ó sì yẹ kí á tún un ṣe. Èkejì ni èyí tí a lè borí bí a bá béèrè, tí a kò béèrè nítorí a ti fura pé ìdáhùn náà kò ní bá wa lára mu. Àìmọ̀ yìí kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Nítorí náà, àwòrán ilẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn onímọ̀ nìkan. Ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn ni. Kí a tó yà á, ẹni òkè lè fi òtítọ́ sọ pé òun kò mọ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti yà á, tí a sì fi hàn án, kò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kíyè sára nígbà náà nípa ìdẹwò tí ó wà fún gbogbo wa, pàápàá jù lọ fún àwọn tí ó wà nípò àṣẹ: kí a má ṣe ya àwòrán náà rárá, kí a má baà mọ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni èyí. Àwọn baba ńlá wa kò ní ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilẹ̀ omi wọn. Òkè odò ni wọ́n ti ń pọn omi mímu, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, èèwọ̀ ni kí á ti ìkòkò tí ìdí rẹ̀ dúdú bọ inú ìsun omi. Ẹni tí ó bá rú u, gbogbo ìlú ni ó ṣẹ̀.

Ta ni yóò san owó àgbàdo mi?

Nígbà tí mo ṣàlàyé báyìí fún baba wa ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbọ́ mi tán, ó sì béèrè ohun tí ó ṣòro ju ti ìṣáájú lọ: “Olùkọ́, ó yé mi. Bí n kò bá da ajílẹ̀ sí i mọ́, ta ni yóò san owó àgbàdo mi?”

N kò lè sọ pé ìbéèrè olójúkòkòrò ni. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá ní kí ẹni òkè jìyà nìkan kí òun lè mu omi tí ó mọ́, òun náà kò hùwà sí i bí aládùúgbò. Ìdájọ́ òdodo ń ti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa ti ìsàlẹ̀ padà lọ sí òkè. Ìlú New York mọ èyí. Láti àwọn òkè Catskill, tí ó jìn ju 150 kìlómítà lọ, ni púpọ̀ nínú omi rẹ̀ ti ń wá. Láyé àtijọ́, ipá ni ìlú náà fi gba ilẹ̀ àwọn ará òkè láti fi ṣe adágún omi, a sì kó àwọn ènìyàn kúrò ní abúlé wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1997, dípò kí ó ná ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là sórí ilé iṣẹ́ tí yóò máa sẹ́ omi, ó bá àwọn ará òkè ṣe àdéhùn. Ìlú ń sanwó fún àwọn àgbẹ̀ láti tọ́jú ìgbẹ́ màlúù wọn, ó ń bá àwọn onílé tún ihò ìdọ̀tí wọn ṣe, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta ilẹ̀ nìkan ni ó lè rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa kò ní dọ́là New York. Síbẹ̀, òfin omi ilẹ̀ Benin, nọ́ńbà 2010-44, ti ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2010, fi àyè sílẹ̀ láti fa ààlà ààbò yí ibi tí a ti ń fa omi mímu ká. Nínú ààlà tí ó súnmọ́ fọráàjì jù lọ, kò yẹ kí á ṣe ohunkóhun àyàfi iṣẹ́ omi. Nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, kí a má gbẹ́ ṣáláńgá, kí a má da ìdọ̀tí sí i. Bí oko ẹnìkan bá bọ́ sínú ààlà yìí, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń mu omi náà fi díẹ̀ nínú owó omi ràn án lọ́wọ́, tàbí kí a wá ilẹ̀ mìíràn fún un. Ọ̀nà mìíràn sì wà tí kò gba owó púpọ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ gúúsù Benin ti ń gbin mucuna, irú wèrèpè kan tí kì í yúnni lára. Ó ń bo koríko èkan mọ́lẹ̀, ó sì ń sọ ilẹ̀ jí, tí kò fi ní jẹ́ kí oògùn àti ajílẹ̀ pọ̀ mọ́.

Àwọn kan yóò ṣì wí pé: “Ilẹ̀ mi ni.” Òótọ́ ni, Ìjọ kò kọ ohun ìní. Ṣùgbọ́n ó ń kọ́ wa pé fún gbogbo ènìyàn ni Ọlọ́run dá ohun ayé, Póòpù Francis sì rán wa létí nínú ìwé Laudato Si' ní ọdún 2015 pé ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ ènìyàn ni omi mímu tí ó mọ́. O lè ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ẹnu ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn ní òru. Ẹ jẹ́ kí á sọ fún ara wa kí òru tó dé.

Ìdáhùn mi fún baba nìyí: ohun tí ẹ ṣe kí ẹ tó mọ̀, ẹ fi í lé àánú Ọlọ́run lọ́wọ́. Láti òní lọ, ẹ bá wa wá òtítọ́ rí, àwa pẹ̀lú kò sì ní jẹ́ kí ẹ dá ẹrù náà gbé.

Ìbéèrè fún àṣàrò nínú ẹgbẹ́:

1. Láti ibo ni omi tí à ń mu nílé wa ti ń wá? Ta ni ó ń gbé ní òkè rẹ̀?
2. Kí ni ó ń jáde láti àgbàlá wa tàbí oko wa, ta ni ó sì ń gbé ní ìsàlẹ̀?
3. Ǹjẹ́ a lè pe àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́ jọ láti ya àwòrán ilẹ̀ omi abúlé wa, kí a sì gbé e lọ sí kọmúùnù kí onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò?