Ojú Rẹ̀ Ṣókùnkùn, Ṣùgbọ́n Kò Tíì Kú

ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:9–18

 

Púpọ̀ nínú wa ló ń lo laptop tòkunbọ̀, bóyá èyí tí a rà ní Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí èyí tí ẹ̀gbọ́n kan fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó ń bá wa ṣiṣẹ́ dáadáa, títí di ọjọ́ tí a tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, tí iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàn, tí fáànù rẹ̀ ń fẹ́, àmọ́ tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn bí òru. Kí la máa ń sọ? "Ó ti kú nìyẹn." Kó tó di ọ̀sán, ẹlòmíràn á ti tà á ní iye tí kò tó owó ṣájà rẹ̀.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í yára sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ń wádìí ni pé: ṣé inú ló bàjẹ́ ni, àbí ojú lásán? Á tẹ Caps Lock, á wò ó bóyá iná rẹ̀ ń tàn, tó sì ń kú. Bó bá ń dáhùn, ó ṣeé ṣe kí inú ẹ̀rọ náà ṣì wà láàyè.

Lẹ́yìn náà ni yóò mú tọ́ọ̀ṣì. Á gbé laptop náà lọ síbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, á tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, torí tó bá tàn án sí i lójú tààrà, ìmọ́lẹ̀ ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Á fara balẹ̀ wò ó. Ìgbà mìíràn, àwòrán wà níbẹ̀! Ó kàn ṣú ni. Ojú àwọn laptop wọ̀nyí kò ní ìmọ́lẹ̀ ti ara rẹ̀. Iná kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń jẹ́ ká rí i. Nínú àwọn tó ti pẹ́ gan-an, ọ̀pá iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, LED ni. Tí iná yẹn bá kú, àwòrán ò lọ ibì kankan, àwa ni a ò rí i mọ́. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín tú ti àtijọ́ yẹn nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Iná tó ń wọ inú ọ̀pá yẹn le.)

Yóò tún fi wáyà HDMI tàbí VGA so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Tí gbogbo nǹkan bá hàn kedere níbẹ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Ojú rẹ̀ ló ní ìṣòro, tàbí wáyà tó lọ síbẹ̀, èyí tó ń gba ibi tí ìdérí ti ń ṣí tó ń padé, tó ń ká lójoojúmọ́ títí ó fi gbó. Ṣùgbọ́n tí ìlà tó wà lójú laptop bá tún yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ ti dénú. Ẹ pààrọ̀ ojú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ìlà yẹn á tún yọ.

Ojú tó ṣú kò sì pa ohun tó wà nínú rẹ́. Fọ́tò màmá tó ti lọ, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ, àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́, gbogbo rẹ̀ lè wà níbẹ̀ digbí. Ẹni tó tà á ní gbàǹjo ta gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ wá wo Élì. Àlùfáà ni, ó jókòó lẹ́bàá òpó tẹ́ńpìlì, ó ń wo ẹnu Hánà. Ètè ń mì, ohùn ò jáde. Ló bá dájọ́ pé ọtí ló ń pa obìnrin yìí. Ojú ló wò. Bẹ́ẹ̀, nínú ọkàn Hánà, àdúrà ń lọ ní pẹrẹu. Ọdún lẹ́yìn ọdún ni orogún rẹ̀ ń fi àìrọ́mọbí mú un bínú. Ó wá dé ilé Ọlọ́run, wọ́n tún pè é ní ọ̀mùtí.

Àmọ́ mo fẹ́ràn Élì níbì kan. Nígbà tí Hánà ṣàlàyé, kò bá a jiyàn. Ó yí ẹnu padà lójú ẹsẹ̀, ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà, ó sì súre fún un. Àgbà ìjọ mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí? Ẹ má bínú o.

Arábìnrin kan kì í pàtẹ́wọ́ mọ́, a ní ó ti tutù nínú ẹ̀mí. Bóyá oyún ló bàjẹ́ lára rẹ̀ tí kò lè sọ. Arákùnrin kan ò wá sí ìpàdé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ti ń lé ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn kúrò lórí rẹ̀. Owó ọkọ̀ ni kò sí. Ọmọ kan ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí látìgbà tí èsì JAMB ti jáde, bàbá rẹ̀ ń pè é ní ọ̀lẹ. Tí ọmọ yẹn bá ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó wá ń ṣú dẹ̀dẹ̀ tó bá ti gbúròó bàbá rẹ̀, bàbá, ẹ lọ yẹ wáyà tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì wò.

Lónìí, ẹ mú orúkọ ẹnì kan tí ẹ ti dájọ́ fún. Ẹ pè é kó tó di ọ̀sán. Ẹ má wàásù fún un. Ẹ bi í pé báwo ni nǹkan, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́.

ÀDÚRÀ: Baba, ìwọ tó gbọ́ ohun tí Élì kò gbọ́, fún mi ní sùúrù láti béèrè kí n tó sọ̀rọ̀. Àwọn tí mo ti pa tì, jẹ́ kí wọ́n gbé ìpè mi lónìí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.