Òwú tí Ìyá Gbọ̀n

Bí ọmọkùnrin kan nílẹ̀ Yorùbá bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun yóò fẹ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè kì í ṣe iye owó tí ìgbéyàwó yóò ná wọn. Ọmọ ta ni? Agboolé wo ni? Ǹjẹ́ kò sí àrùn kan nínú ìran wọn? Irú ìwà wo ni ìyá rẹ̀ ń hù? Láyé àtijọ́, alárinà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ títí ìdílé méjèèjì yóò fi mọ ara wọn dájú. Ìdí tí àwọn baba wa fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò fara sin: òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Ṣùgbọ́n àwa kan náà tí a mọ òwe yìí, bí a bá fẹ́ ra ajá tí yóò máa sùn sí ẹnu ọ̀nà wa, tí àwọn ọmọ wa yóò sì máa bá ṣeré, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń wà lẹ́nu wa: èló ni?

Ẹni tí ó bá mọ Mowe àti Ibafo, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí títì náà ní 1978 ni àwọn ará Èkó ti ń ra ilẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni ó rí ní Ifọ̀, ní ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́. Ẹni tí owó ilé Èkó bá ti lé jáde á kọ́ ilé tirẹ̀ kí iná mànàmáná tó dé, kí ọ̀nà tó dé, kí aládùúgbò tó dé. Igbó wà lọ́tùn-ún, ilé tí wọn kò tíì parí wà lósì. Bí òru bá jìn, ẹ̀rù olè kì í jẹ́ kí onílé sùn. Lẹ́yìn ọgbà àti géètì, ajá ńlá ni ó kù: Rottweiler ti Jámánì, Boerboel ti Gúúsù Áfíríkà, tàbí Caucasian onírun kíkí, tí wọ́n sìn fún òtútù orí òkè, tí kì í ṣe fún oòrùn Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó kọ́ ilé sí Ibafo ra irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó gbé e dání búra pé Boerboel ni, pé ó ti pé oṣù méjì, pé ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára; ó tilẹ̀ fa káàdì kan yọ. Nígbà tí dókítà ẹranko wo eyín ọmọ ajá náà, ó ní kò lè ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ní ọjọ́ kẹrin ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Àrùn parvovirus ni, èyí tí àwọn onímọ̀ dá mọ̀ ní 1978, tí ó sì ń run ọmọ ajá tí kò gba àjẹsára bí iná ṣe ń jó pápá inú ọyẹ́. Ní ọjọ́ keje, a sin ín sí ẹ̀yìnkùlé. Nọ́ńbà fóònù tí ọ̀dọ́kùnrin náà fi sílẹ̀ kò lọ mọ́. Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè: "Dádì, níbo ni ìyá rẹ̀ wà?"

Ta ni ó jẹ̀bi? Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ni gbogbo wa kọ́kọ́ bú. Òtítọ́ sì ni pé irọ́ ni ó fi jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí olówó tí ń na ọwọ́ jáde láti inú ọkọ̀, kò sí ẹni tí yóò já ọmọ ajá lẹ́nu ọmú kí ọjọ́ tó pé. Gbogbo owó tí a san fún ẹni tí kò lè fi ìyá ọmọ hàn wá ni ó ń pe ọmọ mìíràn wá sí ojú títì.

Àwọn kan yóò ní ajá lásán ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí báyìí. N kò gbà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a rántí àṣà fífi ẹran sìn. Ẹni tí ó ní abo ẹran yóò fi í fún ẹlòmíràn sìn. Bí ó bá bímọ, wọn yóò pín in. Ẹni tí ó fi ẹran sìn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ yọwọ́. Ó ń yà wò ó. Bí ẹran náà bá ṣàìsàn, wọn yóò ránṣẹ́ sí i. Ẹran kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n okùn tí ó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì kò já. Òwò ojú títì ni ó gé okùn náà.

Bí ajá bá sì ṣe tóbi tó ni gígé okùn náà ṣe léwu tó. Àrùn oríkèé ìbàdí kan wà tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn ajá ńlá, tí ó sì ń ti ara òbí wọ ọmọ. Ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ tí yóò ní in ń sáré kiri bí àwọn yòókù. Ó lè pẹ́ kí ó tó máa wọ́ ẹsẹ̀. Lára òbí ni a ti lè fura, nípa fọ́tò X-ray, nígbà tí wọ́n bá ti tó ọmọ ọdún méjì. Bákan náà ni ìwà: láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ọmọ ajá ń kọ́ bí a ti ń bá ènìyàn gbé. Èyí tí ó lo ìgbà yẹn nínú páálí lè di ajá tí ẹ̀rù ń bà, ajá tí ẹ̀rù ń bà a sì máa buni jẹ. Èyí tí ó bá ju 60 kílò lọ kì í ṣe ẹni tí ọmọdé lè bá jà. Kí á má tilẹ̀ tíì dárúkọ dìgbòlugi, tí àjẹsára rẹ̀ ti wà láti ayé Louis Pasteur ní 1885, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ń yè é bí ààmì rẹ̀ bá ti hàn.

Nígbà tí ara ọ̀rẹ́ mi balẹ̀ tán, wọ́n júwe ìyá kan fún wa ní Ifọ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń sin ajá. Kí a tó jókòó dáadáa ni ó ti ń bi wá léèrè. Ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ bí ẹ bá lọ sí Èkó? Báwo ni ọgbà yín ṣe ga tó? Ṣé ẹ̀wọ̀n ni ẹ ó máa fi so ó tọ̀sán-tòru? Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ máa bí ọ̀rẹ́ mi nínú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ajá ni a wá rà, a kò wá tọrọ ìyàwó." Ìyá náà rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó lẹ́nu, ó lè padà wá sílé wá rojọ́. Ajá kò lè wí." Ó mú wa lọ rí ìyá ọmọ náà, ó fi ìwé dókítà hàn wá, ó sì ní a kò ní gbé e títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ohun tí ó sọ gbẹ̀yìn ni pé bí apá wa kò bá ká a, kí a má ṣe fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí a dá a padà fún òun.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni ó wá sọ díẹ̀ nínú ohun tí ìyá yìí ń ṣe di dandan. Ní 2013, wọ́n yọ abo ajá kan tí ń jẹ́ Lucy kúrò níbi tí wọ́n ti ń fi í bímọ tà ní Wales, tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń pe òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2020: alágbàtà kò gbọdọ̀ ta ọmọ ajá tí kò pé oṣù mẹ́fà, ẹni tí ó bí i sílé ni kí ó tà á, olùrà sì gbọ́dọ̀ rí i pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ẹ kò rí i pé ìbéèrè ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ni òfin náà ń béèrè?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ebi ni ó gbé ọ̀dọ́kùnrin dé ojú títì, àti pé ajá ti Ifọ̀ wọ́n jù. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó láti ra ajá ńlá dáadáa kò ní lówó láti bọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lówó dókítà rẹ̀. Ajá ìbílẹ̀ wa, tí a mọ ìyá rẹ̀ ní ilé aládùúgbò, kò ṣàìmọ̀ bí a ti ń gbó mọ́ olè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé síwájú, ẹ má ṣe wá ajá níbi tí ẹ kò ti lè rí ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá dé ilé ẹni tí ń tà á, tí ó gba owó yín láìbi yín ní ìbéèrè kan, ẹ padà sẹ́yìn. Bí ó bá sì bi yín, ẹ má bínú. Ẹni tí kò fẹ́ kí a wádìí òun wò kò tíì yẹ ní ẹni tí à ń fa ẹ̀mí lé lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀mí ajá.